Bí A Bá Tiẹ̀ Bẹ̀ Yín, Ẹ Má Gbọ́: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ọ̀gá Àgbà Àwọn Ọmọ Ogun Nàìjíríà

Ẹ̀yin Ọ̀gágun Àgbà,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú àìsùn. Àwọn ọmọ tí ẹ rán lọ sí Borno àti Zamfara, Ọlọ́run á dá wọn padà sọ́dọ̀ ìyá wọn láàyè. Mi ò kọ orúkọ yín sókè lẹ́tà yìí, kì í ṣe pé mo fẹ́ rí yín fín. Àga yín ni mo kọ ọ́ sí. Ẹni tó wà lórí rẹ̀ lónìí ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ẹni tí yóò gorí rẹ̀ lọ́la sì ni pẹ̀lú, torí ọ̀rọ̀ ìdìbò 2027 ti gba ẹnu kan, kò sì sẹ́ni tó lè búra pé òun mọ ẹni tí yóò jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ ìlú bá ta kókó.

Ẹ̀bẹ̀ kan péré ni mo ní. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé àwọn olóṣèlú wa kò gbọ́ ara wọn yé mọ́, tí ilé ẹjọ́ ń wí tirẹ̀, tí ilé aṣòfin ń wí tirẹ̀, tí ààrẹ náà fàáké kọ́rí, tí ìlú wá dúró gbagidi, àwa ará ìlú fúnra wa la máa wá bá yín. A ó pariwo lójú títì, a ó pariwo lórí fóònù wa, pé kí sọ́jà wá gbà wá lọ́wọ́ àwọn olè wọ̀nyí. Lọ́jọ́ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá wa lóhùn. Ilé tí wọ́n ti bẹ ológun rí ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ojú mi ló ṣe.

Télọ̀ ni bàbá mi ní Mushin. Rédíò rẹ̀ máa ń wà lórí tábìlì tó fi ń gé aṣọ, rọ́bà ló fi de ẹ̀yìn rẹ̀ torí pé ìdérí ibi tí bátìrì ń wà ti sọnù. Lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1993, kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó mú mi dání lọ síbi ìdìbò. Wọ́n yẹ orúkọ wò, wọ́n dìbò, nígbà tó yá wọ́n da ìwé ìbò jáde lójú gbogbo èèyàn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Gbogbo àdúgbò ń bá wọn kà á bí ọmọ ilé ìwé: ọ̀kanlélọ́gọ́rùn-ún, èjìlélọ́gọ́rùn-ún, ẹ̀talélọ́gọ́rùn-ún. Nígbà tí a délé, bàbá mi fi ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sára aṣọ kọ iye ìbò wa sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má nù ún. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ló ra gínnì funfun, ó gé e sí bùbá àti ṣòkòtò, ó ní òun ó wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń búra fún Abiola. Ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ni wọ́n ti dá fún gbígbé ìjọba kalẹ̀. Ó ká aṣọ náà sínú àpò, ó ń retí.

Ẹ̀yin náà mọ bí ìdìbò yẹn ṣe rí. Abiola dúró fún ẹgbẹ́ SDP, Bashir Tofa dúró fún NRC. Mùsùlùmí ni Abiola, Mùsùlùmí ni Kingibe tó mú ṣe igbákejì, ará Nàìjíríà kò sì bi wọ́n. Abiola gba Kano mọ́ Tofa lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ní Kano ni ilé bàbá Tofa. Àjọ elétò ìdìbò, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Humphrey Nwosu, ti kéde èsì ìpínlẹ̀ 14 kí ilé ẹjọ́ kan l'Abuja tó ní kí wọ́n dá ọwọ́ dúró. Nígbà tó di ọjọ́ 23 oṣù kẹfà, ìwé kan jáde láti ọ́fíìsì igbákejì Babangida, ọ̀gágun tó ń ṣe olórí ìjọba nígbà náà. Kò sí ìbuwọ́lùwé lórí rẹ̀, kò sí àmì ìjọba lórí rẹ̀. Ìwé pélébé yẹn ni wọ́n fi wọ́gi lé ìbò tí gbogbo àdúgbò wa kà sókè.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kan àga yín, Ọ̀gágun.

Ta ló wà lórí rẹ̀ nígbà náà? Sani Abacha ni. Láti ọdún 1990 ló ti jẹ́ ọ̀gá àgbà gbogbo ọmọ ogun, òun náà ló tún jẹ́ mínísítà ètò ààbò. Ní oṣù kejì ọdún 2025, Babangida gbé ìwé ìtàn ayé rẹ̀ jáde, ó gbà nínú rẹ̀ pé Abiola ló wọlé, pé ìbò rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 8 tí ti Tofa kò sì tó mílíọ̀nù 6. Ó ní Katsina ni òun wà lọ́jọ́ tí wọ́n kéde pé wọ́n ti wọ́gi lé e, pé òun ò mọ̀ sí i, pé àwọn tó wà lẹ́yìn Abacha ló ṣe é. Ó tún ní òun gba ẹ̀bi rẹ̀, torí òun ni olórí ìjọba. Abacha ti kú, kò lè wí tẹnu rẹ̀. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí títí. Bí ó bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé ọ̀gá ológun kan lè fi ìwé pélébé pa ohùn gbogbo ìlú rẹ́ kí ẹni tí wọ́n ń pè ní olórí ìlú tó gbọ́. Bí ó bá jẹ́ irọ́, a jẹ́ pé orúkọ ọ̀gá ológun ti di ibi tí àwọn èèyàn ń lọ da ẹ̀bi sí lẹ́yìn ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Bó ti wù kó jẹ́, àga yín ni wọ́n fọwọ́ bà jẹ́.

Oṣù keje dé, Èkó gbóná. Àwọn ọ̀dọ́ sun táyà, wọ́n dí ọ̀nà, ìjọba da sọ́jà síta. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn tí ìròyìn sọ pé wọ́n kú. Àwọn tí kì í ṣe ọmọ Èkó kó ẹrù, wọ́n lọ sílé, ibùdókọ̀ Jíbówú àti Ọjọ́ta kún fún ìyá tó gbé ọmọ pọ̀n tó tún ru àpò. Òjò oṣù yẹn kan náà ló pa iye tí bàbá mi kọ sára ilẹ̀kùn rẹ́. Kò tún un kọ.

Nígbà tí Babangida ń lọ ní òpin oṣù kẹjọ, ó kó àwọn ọ̀gá ológun ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹyọ kan ló fi sílẹ̀. Ó gbé ìjọba fìdíhẹ fún Olóyè Ernest Shonekan, ọmọ Ẹ̀gbá bíi ti Abiola, ó sì fi Abacha sídìí ètò ààbò. Òfin tí wọ́n fi dá ìjọba náà sílẹ̀, òfin 61, sọ pé bí olórí rẹ̀ bá kú tàbí tó bá kọ̀wé fipò sílẹ̀, ẹni tó bá ga jù nínú àwọn mínísítà ni yóò bọ́ sípò rẹ̀. Ta ló ga jù? Ṣé ẹ rí i pé wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ kí olè tó dé, wọ́n sì tún gbé fìtílà sẹ́nu ọ̀nà fún un. Àwọn kan ṣì ń sọ títí dòní pé Abacha wà níbẹ̀ kí ìjọba Shonekan má bàa wó ni. Ẹni tí wọ́n ní kó gbé òpó ilé dání kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ilé yóò di tirẹ̀ bí ó bá wó.

Ó sì wó lóòótọ́. Ní oṣù kọkànlá, wọ́n gbé owó epo bẹntiróòlù láti 70 kọ́bọ̀ lọ sí náírà 5, àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Ọjọ́ 10 oṣù yẹn ni adájọ́ obìnrin kan nílé ẹjọ́ gíga Èkó, Adájọ́ Dolapo Akinsanya, sọ pé ìjọba fìdíhẹ náà kò bófin mu, pé Babangida kò ní agbára mọ́ nígbà tó fọwọ́ sí òfin tó gbé e kalẹ̀. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nígbà náà: Abiola ní òun ni ìlú yàn, Shonekan ní òun ni wọ́n gbé ìjọba fún, ilé ẹjọ́ ní ti Shonekan kì í ṣe ìjọba, ilé aṣòfin pín sí méjì, epo kò sí, ọkọ̀ kò rìn. Kò lọ, kò bọ̀. Ojú gbogbo ìlú wá yí sọ́dọ̀ ẹyọ ẹni kan tó ní ìbọn lọ́wọ́.

Ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá, lọ́wọ́ alẹ́, ìròyìn kàn wá pé Shonekan ti lọ, Abacha ti dé. Ẹ̀yin Ọ̀gágun, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò wa, kí ẹ lè mọ ìdí tí mo fi ń bẹ̀ yín. Wọ́n jó. Bàbá mi, tó ti ń gbé ìyà náà jẹ láti oṣù kẹfà, dìde lórí àga, ó na ọwọ́ sókè, ó ní, "Ó parí! Wọ́n fẹ́ gbé e fún un." Ará ilé kejì wa gbé kéègì ẹmu wá. Ẹnìkan ń sọ pé ọ̀rẹ́ ni Abacha àti Abiola, ẹlòmíì ní ṣebí ọmọ wa ni Diya, ọ̀gágun ẹgbẹ́ Abacha, Ìjẹ̀bú, ará Odogbolu, kò lè jẹ́ kí wọ́n fi ìyà jẹ wá. Bàbá mi tú àpò, ó mú gínnì funfun náà jáde, ó tan àtùpà torí iná kò sí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán an. Mo sùn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìró máṣíìnì rẹ̀ ni mo sùn lọ sí.

Lọ́jọ́ kejì, Abacha bá ìlú sọ̀rọ̀. Ó tú ìjọba fìdíhẹ ká. Ó tú ilé aṣòfin àgbà ká, ó tú ti ìpínlẹ̀ ká, àwọn gómìnà tí wọ́n dìbò yàn lọ sílé, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ lọ, ẹgbẹ́ òṣèlú méjèèjì lọ, àjọ elétò ìdìbò lọ. Kò dárúkọ Abiola gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fẹ́ gbé ohunkóhun fún. Bàbá mi jókòó ti rédíò náà títí ọ̀rọ̀ fi tán. Ó ti rán apá kan mọ́ bùbá náà. Apá kejì wà lórí tábìlì, abẹ́rẹ́ ṣì wà lára rẹ̀.

Kò rán an mọ́. Ọwọ́ mi ni bùbá náà wà báyìí, alápá kan.

Kì í ṣe bàbá mi nìkan. Àwọn tó kàwé jù ú lọ náà ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn wà nínú àwọn tó rò pé Abacha yóò lo oṣù díẹ̀, yóò tún ilé ṣe, yóò sì gbé kọ́kọ́rọ́ fún onílé. Kingibe tó bá Abiola díje bọ́ sínú ìjọba rẹ̀. Alàgbà Lateef Jakande tí gbogbo Èkó fẹ́ràn bọ́ síbẹ̀. Olu Onagoruwa, agbẹjọ́rò tó ti ń bá ológun fà á láti ọjọ́ pípẹ́, di mínísítà ètò ìdájọ́. Nígbà tí wọ́n já owó epo wálẹ̀ sí náírà 3 àti kọ́bọ̀ 25, a tún pàtẹ́wọ́. Abacha kò ṣe wàhálà púpọ̀ kó tó tàn wá. Àwa la ti ṣe tán láti gbà á gbọ́, torí àárẹ̀ ti mú wa.

Ohun tó tẹ̀ lé e kò yẹ kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rò fún yín. Abiola kéde ara rẹ̀ ní Ẹpẹ́tẹ̀dó ní ọjọ́ 11 oṣù kẹfà ọdún 1994, wọ́n mú un lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Wọ́n pa Kudirat, ìyàwó rẹ̀, l'Ékòó ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 1996. Diya tí àdúgbò wa fọkàn tán, Abacha tì í mọ́lé ní òpin ọdún 1997, ilé ẹjọ́ ológun sì dájọ́ ikú fún un. Abacha kú ní ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ọdún 1998, Abiola náà kú sí àtìmọ́lé ní ọjọ́ 7 oṣù keje. Ó lé ní ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀. Ẹni tí a ní kó wá tú kókó fún wa lóṣù díẹ̀, ikú ló mú un kúrò níbẹ̀.

Mo fẹ́ kí á padà sẹ́yìn díẹ̀ sí i, torí àwọn baba wa ti bá irú nǹkan báyìí pàdé kí òyìnbó tó dé. Nígbà tí Ọ̀yọ́ ṣì wà ní ipò rẹ̀, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ni olórí ogun, wọn kì í sì í jẹ́ kó gbé nínú ìlú kan náà pẹ̀lú Aláàfin. Ìlú ẹnu ààlà ni wọ́n ń fi í sí. Ọgbọ́n ni. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó ní ogun lọ́wọ́, bí ó bá ń gbọ́ gbogbo àríyànjiyàn ààfin láràárọ̀, ọjọ́ kan á jọ ọ́ lójú pé òun lè parí rẹ̀. Afọ̀njá wà ní Ìlọrin, ó jìnnà sí ààfin, síbẹ̀ ó bá Aláàfin Aólẹ̀ ṣọ̀tẹ̀, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni pé Ìlọrin bọ́ lọ́wọ́ Ọ̀yọ́, òun náà sì bá a lọ.

Ti Kúrunmí ni mo máa ń rò jù. Kakaǹfò ni, ní Ìjàyè. Nígbà tí Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859, Adélù ọmọ rẹ̀ gorí ìtẹ́. Ìbàdàn gbà, Kúrunmí kọ̀. Ó ní àṣà ni pé kí Àrẹ̀mọ bá bàbá rẹ̀ lọ, kì í jọba lẹ́yìn rẹ̀. Ẹjọ́ Kúrunmí kò burú o, Ọ̀gágun. Àṣà wà lẹ́yìn rẹ̀ lóòótọ́. Bí ó bá jẹ́ ìjòyè lásán ló sọ ọ́, wọn ì bá jókòó, wọn ì bá jiyàn rẹ̀ títí di òru. Ṣùgbọ́n olórí ogun ló sọ ọ́, iyàn náà sì di ìjà lọ́jọ́ kan náà tó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ní 1862, Ìjàyè kò sí mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń rò ó pé kò ṣe pàtàkì bóyá ọ̀gá ológun jàre tàbí ó jẹ̀bi nínú ìjà àwọn olóṣèlú. Ohùn rẹ̀ wúwo ju ohùn ẹlẹ́rìí lọ. Bí ó bá ti sọ̀rọ̀, ẹjọ́ ti parí, kò sẹ́ni tí yóò gbọ́ ti ẹnìkejì mọ́. (Abiola náà jẹ oyè Kakaǹfò yìí, láti ọdún 1988 títí ó fi kú. Kò ní ọmọ ogun kan ṣoṣo.)

Àwọn kan yóò sọ fún yín pé ọ̀gá ológun lè ṣe onílàjà, kó sì padà sí bárékè. Wọ́n á tọ́ka sí Pakistan. Lóòótọ́ ni, ọdún 1993 kan náà sì ni. Ààrẹ wọn, Ghulam Ishaq Khan, lé olórí ìjọba wọn, Nawaz Sharif, ní oṣù kẹrin; ilé ẹjọ́ tó ga jù dá a padà ní oṣù karùn-ún; àwọn méjèèjì kò gbọ́ ti ara wọn mọ́, ìlú há. Ọ̀gá ológun wọn, Abdul Waheed Kakar, bá àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi jọ fipò sílẹ̀ ní ọjọ́ 18 oṣù keje. Wọ́n fi ẹni tí kì í ṣe olóṣèlú, Moeen Qureshi, ṣe adelé, wọ́n dìbò ní oṣù kẹwàá, Benazir Bhutto wọlé. Kakar kò gbàjọba. Nígbà tí àsìkò rẹ̀ pé ní 1996, ó lọ sílé.

Mo bọ̀wọ̀ fún un. Ní oṣù keje yẹn kan náà, sọ́jà ń yìnbọn l'Ékòó. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà nísàlẹ̀ ìlàjà yẹn: ẹni tí ìlú dìbò fún fi ipò sílẹ̀ nítorí pé ọ̀gá ológun ní kó lọ. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ rí i pé ó ṣeé ṣe. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1999, ọ̀gá ológun mìíràn, Pervez Musharraf, lé Nawaz Sharif kan náà kúrò, òun kò sì ṣe onílàjà rárá. Kakar jẹ́ ọmọlúàbí. Ìlú kò lè gbára lé pé ọmọlúàbí ni yóò máa wà lórí àga yẹn nígbà gbogbo.

Àwa náà ní tiwa tí a lè tọ́ka sí. Ní 1993, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Abubakar Umar, ọmọ Àríwá, ẹni tó ti ṣe gómìnà Kaduna rí, sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé wíwọ́gi lé ìbò náà kò dára. Nígbà tí wọn kò gbọ́, ó bọ́ aṣọ ológun sílẹ̀, ó lọ. Kò kó táǹkì jáde láti fi gbè Abiola lẹ́yìn. Lọ́dún yẹn kan náà, nígbà tí Ọ̀gágun Salihu Ibrahim, ọ̀gá àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀, ń fẹ̀yìn tì, ó là á mọ́lẹ̀ pé ìṣèlú ti sọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun di ibi tí ohunkóhun ti lè ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ṣẹ́ lábẹ́ àwọn tí ọ̀rọ̀ yẹn ba, ẹ mọ̀ ju èmi lọ bí ó ti dùn wọ́n tó.

Ìgbà kan sì wà tí ìlú há tí ológun kò gba ìjọba, ó sì yẹ kí á máa rántí rẹ̀ ju bí a ṣe ń rántí rẹ̀ lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2009, wọ́n gbé Ààrẹ Yar'Adua lọ sí Saudi Arabia nítorí àìsàn. Kò kọ lẹ́tà sí ilé aṣòfin kí igbákejì rẹ̀ lè ṣe adelé. Oṣù méjì lé kọjá, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sí ohunkóhun dáadáa. Ìgbà yẹn náà, mo gbọ́ àwọn èèyàn nínú dánfó tí wọ́n ń sọ pé ó yá kí sọ́jà dé. Ní ọjọ́ 9 oṣù kejì ọdún 2010, ilé aṣòfin méjèèjì pinnu pé kí Goodluck Jonathan máa ṣe adelé. David Mark ló jẹ́ olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà nígbà náà, ológun tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹnu ló fi ṣe é, àti ìbò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún abala 145 ìwé òfin ṣe: bí ààrẹ kò bá kọ lẹ́tà láàárín ọjọ́ 21, ilé aṣòfin lè gbé iṣẹ́ fún igbákejì. Ihò tó wà nínú òfin, òfin ni wọ́n fi dí i.

Síbẹ̀ ẹ̀rù bà wá lóru ọjọ́ 23 mọ́ 24 oṣù kejì yẹn. Wọ́n gbé Yar'Adua padà dé lóru, sọ́jà kún pápákọ̀ òfurufú Abuja, ìròyìn sì sọ pé adelé ààrẹ, tí àṣẹ lórí gbogbo ọmọ ogun wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò mọ̀ pé wọ́n kó wọn jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ òru yẹn kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ọ̀gá yín. Kò sẹ́ni tó kú, ìbọn kankan kò dún, ṣùgbọ́n fún wákàtí díẹ̀ a kò mọ ẹni tí sọ́jà wa ń gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Òfin ti dáhùn ìbéèrè yẹn. Abala 1 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gba àkóso Nàìjíríà bí kò ṣe bí ìwé òfin ti wí. Abala 217 sọ ohun tí wọ́n dá yín sílẹ̀ fún, abala 218 sì sọ pé ọwọ́ ààrẹ ni àṣẹ lílò yín wà. Ààrẹ tó wà lórí oyè ni ọ̀gá yín títí di ọjọ́ tí sáà rẹ̀ bá pé. Ẹni tí Adájọ́ Àgbà ilẹ̀ wa bá búra fún lọ́jọ́ náà ni ọ̀gá yín láti ìgbà náà lọ. Kì í ṣe ẹni tí ẹ fẹ́ràn, kì í ṣe ẹni tí ẹ rò pé ó wọlé. Bí ìbúra bá pẹ́, ẹ dúró. Bí ilé ẹjọ́ bá ń jiyàn, ẹ dúró. Mo mọ̀ pé ìdúró yẹn le ju ogun lọ fún ẹni tí wọ́n kọ́ láti máa gbé ìgbésẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ṣáájú ọjọ́ náà nìyí. Ẹ sọ ọ́ síta, ní èdè tí ìyá ọlọ́jà á gbọ́, pé ẹ kò ní gbàjọba bí a bá tiẹ̀ bẹ̀ yín.